Òfin Ikú Nínú Géèmù Wa

Ní ilé kéú tí mo lọ ní Òṣogbo, bí àfáà wa bá ń sọ ìtàn àwọn ará ìgbàanì, àwọn ẹgbẹ́ mi á ti máa wo ẹnu ọ̀nà, torí bọ́ọ̀lù ń dúró dè wọ́n níta. Èmi ni mo máa ń béèrè ohun tí àwọn èèyàn inú ìtàn náà ń jẹ, ibi tí wọ́n ń sùn, àti ìdí tí ẹnì kankan nínú wọn kò fi kàn sá lọ. Àfáà máa ń ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù, á sì tún dáhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọkùnrin yẹn títí di òní. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kí n má ṣe jẹ́ kí apá kan ìtàn ta ko apá kejì.

Ìwà yìí ló sọ mí di olùtọ́jú ìtàn fún géèmù kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ girama, òun ló kọ́ géèmù náà. Yàrá kan ló gbà ní Òkè-Fíà, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Tí ẹ bá wọ inú géèmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fún yín ní ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, ẹ ó máa ná ọjà láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn, ẹ ó máa jagun, ẹ ó sì máa pàdé àwọn èèyàn gidi tí wọ́n jókòó ti fóònù wọn ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Kánádà. Ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi ni mo ń sọ irú ayé tí ó jẹ́.

Ohun méjì ló máa ń bá ara wọn jà nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, ìtàn àti ìrọ̀rùn. Nínú ìtàn, ìrìn àjò láti ìràwọ̀ kan sí èkejì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló máa jókòó ti fóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún? Nínú géèmù, kí èèyàn tó mu omi tán, ó ti dé. Mo wá kọ ọ́ pé oorun ni atukọ̀ máa ń sùn lójú ọ̀nà, pé ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí nìkan ni ẹni tó ń gbá a ń rí. Bákan náà, kò sí afẹ́fẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀, nítorí náà kò yẹ kí ìbọn dún níbẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ jagun tí kò ní ariwo. Mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa ariwo náà sí atukọ̀ létí, kó lè mọ ìhà tí ọ̀tá ti ń bọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ka ìyẹn, ó dìde lórí àga rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó gbé e sórí gúrúùpù àwọn tó ń gbá géèmù wa, àwọn èèyàn sì yìn mí. Mo fẹ́ràn ìyìn náà púpọ̀. Mo máa ń padà lọ kà á.

Òfin kan wà tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fọ́ lójú ogun ti kú, kò sì ní jí. Tó bá tún fẹ́ máa gbá géèmù náà lọ, àbúrò atukọ̀ tó kú náà ni yóò máa lò láti ìgbà náà, àbúrò yẹn yóò sì gbéra láti ìràwọ̀ àkọ́kọ́, níbi tí gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí bàbá mi kú ni mo kọ òfin yẹn. Àárọ̀ ni wọ́n dákẹ́. Kó tó di ìrun Àsárì, a ti kírun sí wọn lára, a ti sin wọ́n sí Ìdó-Ọ̀ṣun, a ti gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká ṣe é nìyẹn, mo sì rí àánú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí ìtàn mi, mi ò lè kọ ayé kan tí òkú ti ń jí ká tó ṣẹ́jú.

Àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ fara mọ́ òfin náà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ìràwọ̀ tó wà láàárín ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ogun wà pọ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ dúró ra epo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá kú ní ìrọ̀lẹ́ kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ títí wọn á fi tú ká lọ jẹun. Àwọn kan kò tilẹ̀ ráhùn, wọn kàn ṣíwọ́ wíwọlé ni. Ọ̀rẹ́ mi pè mí wá sí Òkè-Fíà, ó ní òfin mi dára, ṣùgbọ́n ó ń lé èèyàn lọ. Ó ní kí n wá ọ̀nà tí ẹni tó kú yóò fi tètè padà sójú ìjà láìba ìtàn jẹ́. Tí mi ò bá rí i, yóò kàn jẹ́ kí wọ́n máa jí, kí ìtàn lọ wá àlàyé ara rẹ̀.

Mo gbìyànjú. Mo ronú nípa ẹ̀dà ara, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú àwọn géèmù kan, pé kí ara mìíràn máa dúró de atukọ̀ nínú àpótí. Ọkàn mi kọ̀ ọ́. Dídá èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn, ì báà jẹ́ nínú eré. Mo tún kọ ọ́ pé ọkọ̀ máa ń ju atukọ̀ síta kó tó fọ́. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé tí kò bá sẹ́ni tó ń kú, ogun wo wá là ń jà. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan láti Iléṣà wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìtajà oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti ń gbá géèmù wa tipẹ́, kí n sì tó rí i lójú ni mo ti ń jowú rẹ̀. Mo ti fún ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ní orúkọ kan tó gùn tó sì jinlẹ̀. Obìnrin yìí ń pè é ní Ulé, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé, kó tó pẹ́, gbogbo ayé ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kánádà gan-an ń kọ ọ́ pé àwọn ń lọ sí Ulé. Orúkọ tí mo fún un, èmi fúnra mi ti gbàgbé apá kan rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní kó wá bá wa ṣèpàdé. Ọjọ́ Sátidé ló wọ ọkọ̀ láti Iléṣà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé ẹ̀pà tó rà lójú ọ̀nà sórí tábìlì, ó sì ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń ṣàlàyé wàhálà náà. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé nínú ìtàn yín, ó di dandan kí ẹni tó kú wà níbi tó kú sí?”

Mo ní kí ló ní lọ́kàn.

“Àkúdàáyà ni mo ń rò, sà.”

Ó sọ ìyókù wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Atukọ̀ tó bá kú yóò kàn bá ara rẹ̀ ní èbúté kan tó jìnnà sí ibi tó kú sí, tí kò sì jìnnà sí ogun. Ara rẹ̀ le, ó ní ọkọ̀, ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó lè máa ná ọjà, ó lè jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó tilẹ̀ lè gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kó tó kú bá kí i, tí ó sì dáhùn, yóò pòórá. Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ yóò wá gbéra láti Ulé, bí òfin mi ti wí. “Kò padà wá, sà,” ó ní. “Ó kàn wà níbòmíràn ni.”

Àga ọ̀rẹ́ mi dún. Ó ti dìde, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wá àléébù sí i. Mo wò ó láti ìhà ìtàn, kò sí. Mo wò ó láti ìhà ìrọ̀rùn, kò sí. Ẹ̀sìn ló kù, mo sì gbá a mú. Mo ní ẹ̀sìn wa kò gba irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀.

“Tiwa náà kò gbà á, sà,” ó ní. “Ìyá àgbà mi tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n.”

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó padà. Mo ní ká dán an wò nígbà náà. Ó gbà, ó sì ṣèlérí fún mi pé tí àwọn èèyàn bá kọ̀ ọ́, òun yóò fi òfin tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà, òun kò ní yọ mí lẹ́nu mọ́. Ẹnu mi ló sọ pé ká dán an wò. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó bàjẹ́.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Dàda Estate. Nígbà tí mo délé, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbà pé àkúdàáyà wà. Wọ́n ní mùsùlùmí kì í gba ìyẹn gbọ́, ṣé mi ò lọ sí ilé kéú ni. Wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ó pẹ́ gan-an tí àwọn fi máa ń wo ojú àwọn ọkùnrin ní gáréèjì ìlú yòówù tí àwọn bá dé, ní Iléṣà, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin.

“Mi ò gbà á gbọ́ o,” wọ́n ní. “Mo kàn ń wò ni.”

Mo wọ yàrá mi lọ. Kàkà kí owú mi dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Òfin mi tọ̀nà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun kan lè tọ̀nà, kó má sì dé ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dé.

Ọjọ́ Sátidé mìíràn ni a ṣe ìdánwò náà, lọ́sàn-án. Àwọn èèyàn sáré wọlé lọ kú kí wọ́n lè rí ohun tuntun. Wọ́n jí ní èbúté, inú wọn dùn. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn rí wọn, wọ́n sì kí wọn pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n dáhùn. Wọ́n pòórá. Ẹnì kan kí ọ̀gá rẹ̀ ibi iṣẹ́, ọ̀gá náà ní “ẹ ǹ lẹ́ o,” ó sì pòórá. Ẹlòmíràn kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Má kí mi o, mi ò gbọdọ̀ dá ẹ lóhùn,” ìdáhùn yẹn náà ló sì pa á rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi àti obìnrin náà ti gbàgbé irú èèyàn tí a jẹ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n tọ́ láàárín wa tí ojúlùmọ̀ á kí tí yóò dijú bí ẹni tí kò gbọ́. Gúrúùpù wa kún fún ẹjọ́. Bàbá kan béèrè bóyá a fẹ́ fi géèmù sọ àwọn ọmọ òun di aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Mo gbé tíì mi, mo ń ka ẹjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé alihamudulilai. Ó tì mí lójú, mo sì tọrọ àforíjì.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní èmi ni olùtọ́jú ìtàn, kí n sọ ọ́, ṣé kí òun yọ ọ́. Ohun tí mò ń tọrọ ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó fúnra mi, torí mo fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́ kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un dáadáa.

Mo wọlé, mo wa ọkọ̀ mi lọ sáàárín àwọn ọ̀tá, wọ́n sì fọ́ ọ. Atukọ̀ tí mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà nìyẹn. Ojú fóònù ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì bá ara mi ní èbúté kan tí mi ò dé rí. Obìnrin náà ti kọ gbólóhùn kan síbẹ̀: O ti dé ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Mo kà á, mo tún un kà, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè yọ kúrò tàbí tí mo lè fi kún un. Mi ò rí.

Mo ra epo, mo ta irin díẹ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn tí a jọ máa ń jà kọjá lọ, ọkọ̀ wọn tò tẹ̀lé ara wọn. Mo tẹ̀ lé wọn ní ọ̀ọ́kán, níbi tí wọn kò ti lè ka orúkọ mi. Ẹnì kan lára wọn kọ ọ́ pé, “Ṣé ẹ̀gbọ́n wa kọ́ nìyẹn?” Mo di ọwọ́ mi mú. Ẹlòmíràn fèsì pé, “Rárá o. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni, wọn ì bá ti dáhùn.” Wọ́n lọ. Mo wo iná ọkọ̀ wọn títí mi ò fi rí i mọ́.

Ọkọ̀ obìnrin Iléṣà náà ló kàn. Ó ń yí èbúté ká láti wo bí ìdánwò rẹ̀ ṣe ń lọ, kò sì mọ̀ pé mo ti kú. Ó dúró níwájú mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ lójú fóònù mi: “Àsàlámù àléékùn, ẹ̀gbọ́n.”

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, tó sì rò pé yóò dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ tí nǹkan kò lọ déédéé. Mo mọ òfin géèmù. Mo sì mọ òfin tí wọ́n fi tọ́ mi, pé èèyàn lè má kí ọ, ṣùgbọ́n bó bá ti sàlámà sí ọ, ìdáhùn ti di ọ̀ranyàn. Mo sọ fún ara mi pé eré ni. Kí n tó sọ ọ́ tán, ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́: “Wà àléékùmù sàlámù.”

Ọkọ̀ mi kò bú gbàù. Ńṣe ló ń fẹ́lẹ́ sí i bí ooru ẹnu lára dígí, títí mo fi ń rí àwọn ìràwọ̀ láti inú rẹ̀, títí tó fi ku àwọn ìràwọ̀ nìkan.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹnì kan kì í sàlámà lẹ́yìn ògiri kí wọ́n má dáhùn, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ wà lẹ́nu wọn. Mo ro ìyá mi ní gbogbo gáréèjì yẹn, tí wọ́n ń wo ojú àwọn èèyàn, tí wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣe díẹ̀ kí ojú mi tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni owú náà wá, ó sì wá tagbáratagbára. Èmi tí bàbá mi kú, èmi tí mo kọ òfin ikú, èmi ló yẹ kí n ronú kan èyí. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà ló ronú kàn án.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi. “Má yọ ọ́,” mo ní.

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ṣé mi ò rí bí wọ́n ṣe ń ráhùn ni.

“Ìráhùn ti tẹ́lẹ̀, ó ń sú wọn ni. Èyí ń dùn wọ́n. Fi sílẹ̀.”

Ó fi sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n lò. Àwọn kan ń fi iná ọkọ̀ wọn ṣẹ́jú sí ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ti kú, dípò kí wọ́n kí i. Àwọn kan á mọ̀ọ́mọ̀ kí i, tí wọ́n bá rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kó lè lọ. Àwọn tó ti lọ ń padà wọlé. Ọ̀rẹ́ mi wá ṣe ohun tí mo mọ̀ pé yóò ṣe. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ géèmù, níbi tí a kọ olùtọ́jú ìtàn sí, ó kọ orúkọ obìnrin náà, ó sì gbé tèmi sábẹ́ rẹ̀. Ó pè mí kó tó ṣe é. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́. Mo kí obìnrin náà kú oríire lójú gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹnì kan kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé ó dá òun lójú pé ẹ̀gbọ́n ló ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pé obìnrin náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí mo jókòó sí iwájú mọ́ṣáláṣí tí mò ń dúró de ìrun Àsárì, obìnrin náà kọ̀wé sí mi. Ó ní àwọn mùsùlùmí inú géèmù ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ sàlámà kúrò nínú ìkíni tó ń pa èèyàn rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kò le rárá láti ṣe. Òun náà fẹ́ ṣe é nítorí mi, nítorí ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe sí mi lọ́jọ́ ìdánwò.

Mo kọ ọ́ sí i pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá yọ ọ́, sàlámà ni gbogbo èèyàn yóò máa fi kí òkú, àti mùsùlùmí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní sẹ́ni tó máa pòórá mọ́. Ìtàn rẹ̀ yóò dàrú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ le ju èmi lọ,” ó kọ ọ́. “Ẹ ò bá ṣáà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.”

“Mi ò lè gbọ́ sàlámà kí n dákẹ́. Ìdí tí òfin rẹ fi dára nìyẹn.”

Ó ní ẹ ṣeun, sà, òun ò ní yí i padà. Ládánì ti ń pèrun. Mo pa fóònù, mo wọlé, mo tò sínú sàfù pẹ̀lú àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìrun, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí, fún ìyá mi, fún iṣẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run kó bá mi yọ ìlara obìnrin yẹn kúrò lọ́kàn. Nínú àdúrà kan náà, kí n tó pa ọwọ́ pọ̀, mo tún bẹ̀ Ẹ́ pé kí èrò tó kàn jẹ́ tèmi.